Ọmọbìnrin Tí Bàbá Àgbà Gbé Sórí Ẹṣin

Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, bí a bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, tí màmá mi ti tú gèlè, tí ìrẹsì sì ti wà lórí iná, ọkùnrin kan máa ń wá kí wa nílé wa ní Bódìjà. Á gbé mọ́tò kékeré rẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, á dọ̀bálẹ̀ fún màmá mi, á wá yíjú sí mi, á ní, "Àbúrò mi, ṣé àlàáfíà ni?" Èmi náà á rọra tẹ orúnkún, n ó ní, "Àlàáfíà ni, ẹ̀gbọ́n mi." Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń dùn mí tó. Ọkùnrin tí mo ń pè ní ẹ̀gbọ́n mi yìí, òun ni mo ti fẹ́ fi ṣe ọkọ. Òun náà sì ti fẹ́ fi mí ṣe ìyàwó, a ti sọ ọ́ délé, a ti sọ ọ́ dóde. Mo ti gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rẹ́ màmá mi kan tó jẹ́ Aládùúrà ti mú mi lọ síbi tí wọ́n ti dà mí lómi, tí wọ́n ní kí ọkàn mi kúrò lára rẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá ti gbọ́ ìró mọ́tò yẹn ní gẹ́ètì, ọwọ́ mi á kúrò lẹ́nu ohun tó ń ṣe, á lọ tún irun mi ṣe. Ta ni mo wá ń ṣe ọ̀ṣọ́ fún? Kò sí obìnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi. A ò jà, a ò já ara wa kulẹ̀. Ẹṣin kan tó ti kú kí wọ́n tó bí màmá mi ló da ọ̀rọ̀ èmi àti Bánjí rú, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe jẹ́.

Bàbá tó bí màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, jagunjagun ẹlẹ́ṣin ni. Kì í ṣe irú ṣójà tó ń wọ kakí kiri ìgboro nísinsìnyí o. Jagunjagun Ìbàdàn àtijọ́ ni, ti ayé ogun tí wọ́n ń bá àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, kí òyìnbó tó wá là wọ́n. Nígbà tí mo dàgbà tó ẹni tó lè wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́ tó ń fi ọ̀pá rìn, àmọ́ bí ó bá jókòó, ṣe ni yóò na ẹ̀yìn rẹ̀ ṣánṣán, tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì á yà síra wọn bí ẹni pé ẹṣin ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Koríko ló fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n mú un lọ sílé olórí ogun kan, pé kó máa pa koríko fún àwọn ẹṣin. Ó ní inú ibùjẹ ẹran lòun ń sùn, pé èémí ẹṣin ló ń bá òun lé òtútù lọ. Ẹṣin kì í sì í pẹ́ láyé lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, eṣinṣin inú igbó a máa pa wọ́n, bí wọ́n ti ń kó wọn dé láti Òkè Ọya ni wọ́n ń kú. Nítorí náà, ẹni tí ẹṣin bá ń pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ kì í fi ṣeré. Ẹṣin kì í tètè kú lọ́wọ́ Bàbá Àgbà. Bí ó ṣe di pé ọ̀gá rẹ̀ fún un ní gàárì, ó fún un ní ọ̀kọ̀, ó sì fa ẹṣin pupa kan lé e lọ́wọ́ tí wọ́n ń pè ní Arógunyọ̀.

Haa, Arógunyọ̀! Bí Bàbá Àgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ẹṣin yẹn, ẹ̀yin yóò rò pé ìyàwó àárọ̀ rẹ̀ ni. Ó ní ó mọ ìró ẹsẹ̀ òun láàárín èrò. Ó ní bí òun bá sùn lójú ogun, ṣe ni yóò dúró ti òun, kò ní gbé pátákò rẹ̀ kò ní sọ ọ́ kalẹ̀ títí òun á fi jí. A máa ń rẹ́rìn-ín, a máa ń ní, "Bàbá, irọ́ nìyẹn." Á ní kí a bi ọ̀run. Ṣùgbọ́n bí ìtàn bá dé ibi kan, ṣe ló máa ń dákẹ́, á ní kí wọ́n fún òun lómi mu. Ó máa ń ní ilẹ̀ Èkìtì kò gba ẹṣin, òkè àti àpáta ló pọ̀ níbẹ̀, ìbọn ló ń ja ogun gidi, pé ohun tí wọ́n ń lo àwọn ẹlẹ́ṣin fún jù ni ìṣọ́nà, ìjíṣẹ́, àti … Ibẹ̀ ni yóò ti béèrè omi. Èmi ò mọ ohun tó wà lẹ́yìn "àti" yẹn nígbà náà, n kò sì bi í. Ọmọdé kì í kúkú dá ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu.

Ìyàwó rẹ̀, ìyá tó bí màmá mi, Ìyá Àmọ̀kẹ́ ni gbogbo agboolé ń pè é, nítorí Àmọ̀kẹ́ ni màmá mi ń jẹ́. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà nígbà tí ó kú. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó máa ń fi pa mí lórí. Bí ọdún Iléyá bá dé, tí àwọn àgbààgbà Mùsùlùmí gun ẹṣin gba iwájú ilé wa kọjá, tí gbogbo ọmọdé ń sáré tẹ̀lé wọn, Ìyá Àmọ̀kẹ́ á wọ yàrá lọ, á sì ti ilẹ̀kùn. A tún mọ̀ pé kò jẹ àparò, kò sì gba ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀ láàyè láti jẹ ẹ́. Ohun gbogbo tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní ará Èkìtì ni, wọ́n ní ogun ló gbé e wá, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Nínú agboolé wa, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ tọ́ka sí ẹnikẹ́ni pé báyìí ni ó ṣe wọ ilé. Ẹni tó bá dán an wò, olórí ilé á bu ìtanràn lé e. Ìwà ọmọlúwàbí ni wọ́n ka èyí sí, kí ojú má baà ti ọmọ ẹnikẹ́ni. Ta ló lè rò pé ìdákẹ́jẹ́ tó dáa tó bẹ́ẹ̀ lè padà wá dá mi lóró?

Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, tó fi ilé Bódìjà sílẹ̀ fún wa, màmá mi ní òun ò lè máa fi bàbá òun sílẹ̀ ní agboolé láàárín ìlú mọ́. Ó lọ gbé e wá. Ẹ̀yin ará, wàhálà dé! Bàbá Àgbà ò fẹ́ ilé ìgbẹ́ tó wà nínú ilé, ó ní kí ni èèyàn ń fi irú ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ṣe. Kò fẹ́ fáànù. Ohun tó wá bí i nínú jù ni koríko iwájú ilé. Bí ẹni tó ń bá wa tọ́jú àyíká bá gé e, tó kó o dànù, bàbá á di orí mú. "Koríko tó tutù báyìí! Ẹ̀ ń gé e sọnù! Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ ò mọ ohun tí ẹ ní." Á wá jókòó ní fàráńdà, á máa wo ọ̀nà títí ọ̀sán á fi rọ̀. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún mi pé òun kàn fẹ́ gbọ́ òórùn ẹṣin lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó lọ. Bí ó ṣe sọ ọ́, bí ọmọ tí àárò ìyá rẹ̀ ń sọ, àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo ti ń ṣe tíṣà nígbà náà, mi ò sì ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Mo háyà takisí, mo gbé e lọ sí Ẹlẹ́yẹlé níbi tí àwọn òyìnbó ti ń gun ẹṣin gbá bọ́ọ̀lù onígi.

Ibẹ̀ ni mo ti rí Bánjí. Ọmọ yunifásítì ni, iṣẹ́ dókítà ẹran ló ń kọ́, wọ́n sì máa ń pè é sí pápá náà láti bá wọn wo àwọn ẹṣin. Ó wọ ṣòkòtò péńpé, ẹrẹ̀ kún bàtà rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ẹṣin kan lé itan, ó ń wò ó lábẹ́. Bàbá Àgbà ò kí ẹnikẹ́ni, ó kọjá lọ bá ẹṣin náà, ó gbé ojú rẹ̀ lé ọrùn ẹṣin, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí. Mo sáré lọ bẹ̀bẹ̀. Bánjí gbé ojú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, sìstá. Ẹṣin yẹn gan-an ò bínú." Ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀ o, ṣùgbọ́n bí ó ṣe wí i yẹn, ọkàn mi fà sí i. Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ Sátidé ò ní kọjá kí Bàbá Àgbà má sọ pé ká lọ, èmi náà ò sì ní pẹ́ kí n tó ti wọ bàtà. Ìgbà tó yá, ó di pé Bánjí fúnra rẹ̀ ń gun kẹ̀kẹ́ wá láti Agbowó tí ó ń gbé, á ní òun wá kí bàbá. Á jókòó sórí ilẹ̀ ní fàráńdà, bàbá á máa sọ ìtàn Arógunyọ̀ fún un, òun á máa béèrè ohun tí wọ́n fi ń wo inú rírun ẹṣin nígbà náà. Bàbá Àgbà sọ ọ́ lórúkọ, ó ń pè é ní Ọmọ Ẹlẹ́ṣin. N kò rí i kó fẹ́ràn ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀ rí nínú gbogbo ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.

Kí ni kí n sọ nípa àkókò yẹn? Ayé mi dùn. A máa ń rìn láti Agbowó lọ sínú ọgbà yunifásítì ní ìrọ̀lẹ́, a ò ní sọ̀rọ̀ kan gúnmọ́. A máa ń lọ wo sinimá ní Dùgbẹ̀, a máa ń dúró wo ilé gíga tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, Bánjí á ní òun á ra yàrá òkè pátápátá fún mi, èmi á ní kó kọ́kọ́ ra táyà tuntun fún kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bọ̀ láti Ìwó Road, ó ra àparò tí ọdẹ yan gbẹ, ó ní ká jọ jẹ ẹ́. Mo ní èmi ò jẹ àparò. Bánjí wò mí, ó ní, "Ìwọ náà? Èmi ò fẹnu kàn án rí, bàbá mi á lé mi jáde nílé." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà ní Ọlọ́run ló dá wa fún ara wa, pé ẹran tí ọkọ ò jẹ, ìyàwó ò jẹ, owó ọbẹ̀ á dín kù. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yìí débi pé mo lọ sọ ọ́ fún àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi. Àmì ìfẹ́ ni mo pè é! Ọmọ Èkìtì ni Bánjí, ṣùgbọ́n orúkọ ìlú rẹ̀ kò sọ ohunkóhun fún Bàbá Àgbà, nítorí ìlú tí wọ́n ń gbé nísinsìnyí kọ́ ni wọ́n wà nígbà ogun. Ogun ti tú wọn ká, àwọn tó kù lọ tẹ̀dó síbòmíràn, wọ́n sì sọ ibẹ̀ lórúkọ mìíràn.

Nígbà tí Bánjí jáde yunifásítì, tó rí iṣẹ́, a ní ó yá. Bàbá rẹ̀ wá láti Èkìtì láti wá mọ àwọn ẹbí mi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó wọ kóòtù lórí ṣòkòtò funfun, ojú rẹ̀ tutù, ó mú iṣu àti ẹmu dání. Màmá mi ti se oúnjẹ láti òwúrọ̀. Bàbá Àgbà wọ agbádá etù rẹ̀, ó jókòó sórí àga bí ọba. Gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ, wọ́n ti gbàdúrà, wọ́n ti kí ara wọn kú àbáadé, èmi sì kúnlẹ̀ gbé abọ́ omi ìfọwọ́ dání. Bàbá Bánjí fọwọ́ tán, ó wá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ojú ń tì. Ó ní, "Ìyá ìyàwó, ẹ má bínú sí mi o. Ẹran inú ọbẹ̀ yìí, kì í ṣe àparò? Ẹ jọ̀ọ́, eèwọ̀ ilé wa ni." Màmá mi pàtẹ́wọ́, ayọ̀ kún ẹnu rẹ̀. "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà! Àparò ò wọ ilé yìí rí. Màmá mi kà á léèwọ̀ fún gbogbo wa títí wọ́n fi kú."

Bàbá Bánjí ti bu òkèlè. Ó dá a padà sínú abọ́. Ó ní, "Màmá yín? Ọmọ ibo ni màmá yín?" Màmá mi ní Èkìtì ni, pé ogun ló gbé wọn wá, àwọn ò mọ ìlú náà. Bàbá náà rọra sún abọ́ sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pé ní gbogbo àgbègbè àwọn, ìdílé kan ṣoṣo ni kì í jẹ àparò, ìdílé tòun ni. Pé bàbá òun ní àbúrò obìnrin kan, ọmọdé ni, tó lọ pọn omi lódò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìbàdàn sì gbé e lọ. Pé títí bàbá òun fi kú, kò sí àdúrà tó gbà tí kò dárúkọ àbúrò rẹ̀ yìí, pé ibi yòówù tó bá wà, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ojú pọ́n ọn. Ó wá yíjú sí Bàbá Àgbà. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ibo ni ẹ ti rí i?"

Ẹ bá mi wo irú ibi tí mo wà. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, abọ́ omi wà lọ́wọ́ mi, Bánjí wà lódìkejì, ojú rẹ̀ ti fún pọ̀. Ní Ìbàdàn níhìn-ín, ẹ mọ̀ ọ́n, bí ẹ̀jẹ̀ bá ti pa ènìyàn pọ̀, kódà kó jìnnà, kò sí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó mọ́. Ti Èkìtì náà kúkú nìyẹn. Mo wo ojú Bàbá Àgbà. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé bó bá ní òun ti gbàgbé, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè ìdí, arúgbó tó ti dàgbà tó yẹn! Àwọn ẹlẹ́ṣin pọ̀, odò pọ̀, ọmọbìnrin tí wọ́n gbé pọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ lẹ́nu rẹ̀, kó ní "Mi ò rántí." Ó sì rí mi. Kí ẹ má rò pé kò rí mi. Ó wò mí pẹ́, ó wá yíjú kúrò.

Ó ní fún bàbá Bánjí pé, "Ẹ má tíì dárúkọ rẹ̀. Èmi ni n ó dárúkọ rẹ̀ fún yín." Ó ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ sókè, ó na apá rẹ̀ síta. Àpá kan wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tí gbogbo wa rò pé ojú ogun ló ti gbà á. Ó ní, "Ọmọ́wùmí. Igbá kékeré ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e sórí ẹṣin, ó gé mi jẹ síbí títí ẹ̀jẹ̀ fi ṣàn. Ó ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Gbogbo ọ̀nà ló ń pè é títí a fi dé àgọ́." Bàbá Bánjí bú sẹ́kún. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Bàbá Àgbà ti fi ọ̀pá sílẹ̀, ó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó sì da ojú bolẹ̀ níwájú ọkùnrin tí ó tó bí lọ́mọ. Arúgbó tí kò lè dìde fúnra rẹ̀! Agbádá etù bò ó lórí. Màmá mi fẹ́ gbé e, ó ní kí ó fi òun sílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí bàbá Bánjí tó tẹ̀ ba, ó dì í mú lábẹ́ apá, àwọn méjèèjì sì jókòó sórí ilẹ̀, wọ́n ń sunkún. Omi ọwọ́ mi ti dà sára mi, n kò mọ ìgbà tó dà.

Ayọ̀ ni wọ́n fi parí ọjọ́ náà. Mi ò purọ́ fún yín, ayọ̀ ni. Màmá mi tí kò ní ará kan níhà ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ó di ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n, tó ní ilé. Ó ń kọrin. Kò rántí mi àfi nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú. Ó wá bá mi ní kíṣìnì, ó dì mọ́ mi, ó ní, "Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ṣé o rí i pé kò ṣeé ṣe mọ́?" Mo ní mo rí i. Bánjí ò kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ó lọ bá pásítọ̀, pásítọ̀ ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, àwọn òyìnbó ń fẹ́ ara wọn bẹ́ẹ̀, ìbátan tó sún mọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ pàápàá. Ó wá sọ fún mi lábẹ́ igi kan ní Agbowó pé ká lọ sí òkè òkun, a ò ní mú ẹjọ́ dání lọ. Mo ronú sí i o. Mo ti kó aṣọ mi jọ nínú ọkàn mi. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ kan tí n kò lè gbé kúrò nílẹ̀. Ó ní báwo lòun á ṣe lọ síbi sàréè bàbá òun, kí òun sọ fún un pé àwọn ti rí àbúrò rẹ̀, àwọn sì ti fi ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣe aya ọmọ àwọn? Nígbà tí mo sọ èyí fún Bánjí, ó jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú. A ò sọ ọ̀rọ̀ òkè òkun mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo bínú sí Bàbá Àgbà. Ìbínú mi pọ̀. Mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, n kò bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ni mo bi í pé, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò ní ẹ ti gbàgbé? Ẹ rí mi, àbí ẹ ò rí mi?" Ó ní òun rí mi. Ó ní kí n jókòó. Ìgbà yẹn ló parí ìtàn tó máa ń dá dúró síbi omi: ìṣọ́nà, ìjíṣẹ́, àti kíkó èèyàn. Ó ní ìyá òun ló tọ́ ọmọbìnrin náà, pé nígbà tó dàgbà wọ́n ní kó máa ṣe ìyàwó òun, kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́. Nígbà tí ogun parí, tí wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ padà sílé máa lọ, ìlú rẹ̀ ti tú, kò sì mọ ọ̀nà. Òun náà ò wá ọ̀nà náà fún un, nítorí òun ò fẹ́ kó lọ. "Mo fẹ́ràn rẹ̀," ó ní, "ìfẹ́ mi ni kò jẹ́ kó délé." Nígbà tí Ìyá Àmọ̀kẹ́ bí ọmọ àkọ́kọ́, ó sọ fún un pé eèwọ̀ bàbá òun ni òun á fún àwọn ọmọ òun, kì í ṣe ti Ìbàdàn. Kí wọ́n má jẹ àparò. Bó bá pẹ́ bó bá yá, ẹnì kan tí kò jẹ àparò á pàdé wọn lójú ọ̀nà kan, á sì béèrè ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Ó mú kí Bàbá Àgbà búra pé lọ́jọ́ náà òun kò ní purọ́. "Ìwọ ni mo fẹ́ràn jù nínú ilé yìí," bàbá ní fún mi, "ọmọ yẹn náà, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti já ìyá rẹ àgbà kulẹ̀ nígbà tó wà láàyè." Mo gbé orí mi lé itan rẹ̀, mo sunkún títí ó fi rẹ̀ mí.

Wọ́n gbé Bàbá Àgbà lọ sí Èkìtì lẹ́yìn náà kó lè lọ bẹ̀ wọ́n, Bánjí ló wa mọ́tò. Àwọn ará ibẹ̀ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe gbogbo wọn, àwọn kan ò jáde kí i. Kò pẹ́ tó padà dé tí ó fi sùn tí kò jí mọ́. Bánjí wà níbi ìsìnkú, ó dúró láàárín àwọn ọmọ ilé, nítorí ọmọ ilé ló jẹ́.

Ohun tó wá mú mi pè yín nìyí. Ẹnjiníà kan tó ń gbé ní Challenge fẹ́ fẹ́ mi. Ènìyàn dáadáa ni, kò sọ̀rọ̀ jù, ó bu ọlá fún màmá mi, mi ò sì rí àléébù kankan tí mo lè tọ́ka sí. Mo ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó padà wá. Ọdún ń lọ lórí mi, àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ti ń gbé ọmọ wá síbi iṣẹ́. Mo gbà. Ìdána ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bàbá mi ti kú, Bàbá Àgbà ti kú, ara bàbá Bánjí ò sì le mọ́ láti wá láti Èkìtì. Màmá mi ní àwọn ènìyàn ìyá òun gbọ́dọ̀ jókòó níbi tí wọ́n ti ń fa ọmọ òun fún ọkọ, pé ohun tí àwọn kò ní tẹ́lẹ̀ rí ni, àwọn á lò ó. Wọ́n sì ti yan ẹni tó máa ṣe agbẹnusọ.

Agbẹnusọ náà fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá. Ẹ̀yin mọ bí a ti ń ṣe é. Wọ́n á pè mí jáde níwájú èrò, n ó kúnlẹ̀, agbẹnusọ ìdílé á na ẹrù ìdána sí mi, á bi mí léèrè bóyá kí wọ́n gbà á tàbí kí wọ́n dá a padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò bi mí, kí gbogbo ayé lè gbọ́ pé kò sẹ́ni tó fi ipá mú mi. Bánjí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀, ó ń yí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ó ní, "Àbúrò mi, mo fẹ́ kí o mọ̀ pé lóòótọ́ ni n ó bi ọ́. Bí o bá ní rárá, èmi fúnra mi ni n ó dá a padà fún wọn, n kò sì ní bi ọ́ léèrè ìdí." Kò wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́. Ó wọ mọ́tò, ó lọ.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má fi mí sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣé kí n bẹ màmá mi pé kí ẹlòmíràn ṣe é, kí gbogbo wọn sì mọ̀ pé ọkàn mi ò tíì kúrò níbẹ̀? Ṣé kí n jẹ́ kí ẹnjiníà yìí máa lọ, kó lọ wá ẹni tí ọkàn rẹ̀ pé? Àbí kí n jáde síwájú èrò, kí n kúnlẹ̀, kí n gbé ojú sókè wo ọkùnrin kan ṣoṣo tí mo fẹ́ láyé, kí n sì sọ fún un lẹ́ẹ̀mẹta pé kó fà mí lé ẹlòmíràn lọ́wọ́?